Padà sẹ́nu iṣẹ́, dá padà, tún gbà: ọ̀rọ̀ wo ló bá ìpadàbọ̀ wo mu?

Ẹni tó bá gbọ́ ní Kubwa pé "wọ́n ti dá Bàbá Ṣọlá padà ní ọ́fíìsì" lè sáré lọ kí ìyàwó rẹ̀ kú oríire. Ó lè débẹ̀ kó bá ẹkún, nítorí pé ẹnu géètì ni wọ́n ti dá ọkùnrin náà padà, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Gbólóhùn kan náà ni, ìròyìn méjì ló gbé.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ìpadàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó wà nílẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ nǹkan nípa owó oṣù, nípa ọdún iṣẹ́, àti nípa ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ṣùgbọ́n tí ìwé náà bá délé, tàbí tó di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Nyanya, tàbí tí ògbufọ̀ ní láti sọ ọ́ sétí ẹlẹ́rìí ní kóòtù, Yorùbá ló máa dà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ kankan, ẹ wádìí nǹkan mẹ́ta. Ǹjẹ́ wọ́n ti pa fáìlì ẹni náà dé? Ta ló gbésẹ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ ni àbí ọ́fíìsì? Ọdún tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nínú ìṣirò? Ọ̀rọ̀ tó bá dáhùn àwọn ìbéèrè yìí bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ lò, bí kò tilẹ̀ dùn létí tó èkejì.

Padà sẹ́nu iṣẹ́ àti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

"Padà sẹ́nu iṣẹ́" ni ti ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà ní ṣíṣí: ó lọ ìsinmi ọdọọdún, ó lọ bímọ, ó lọ gbàtọ́jú, ó yanṣẹ́ lódì. Òun ló gbésẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un gbà. Ẹ wo ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, lọ́dún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n so ó rọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko, síbẹ̀ olùkọ́ tó wà ní Zaria tàbí Gwagwalada kò gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ìjọba tún gba àwọn olùkọ́ síṣẹ́" ti sọ láìmọ̀ pé ìjọba ti lé wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí "so rọ̀" náà. Ohun tí a so rọ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, a lè tú u sílẹ̀ lọ́la. Ìyanṣẹ́lódì tó bá tán pátápátá ni wọ́n "fòpin sí". Oníròyìn tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti ṣe ìlérí lórúkọ ẹgbẹ́ tí kò rán an níṣẹ́.

Ìdàrúdàpọ̀ kan wà níbí tó jẹ́ pé àwa ará Nàìjíríà la fọwọ́ ara wa fà á. À ń sọ pé ẹni tó ti ìsinmi dé "ti rìsúmù", a sì tún ń bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ pé "ìgbà wo lo máa rìsúmù?" Ti ọmọ yẹn, "bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́" ló ń jẹ́, tàbí "wọṣẹ́". Ẹ má kọ "padà sẹ́nu iṣẹ́" fún un, nítorí ẹ ti fún un ní àná tí kò ní. Kì í ṣe àríyànjiyàn èdè lásán: ọjọ́ ìgbàṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ka ọdún 35 tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè lò kó tó fẹ̀yìntì, àyàfi tó bá kọ́kọ́ pé ọmọ 60 ọdún. Tí wọ́n bá ṣi ọjọ́ yẹn kọ nínú ìwé, ọdún mélòó kan lè bá a lọ.

Ẹni tí wọ́n yá fún iléeṣẹ́ mìíràn náà, "padà" ni tirẹ̀ nígbà tí àsìkò bá pé. Àwọn kan máa ń sọ pé "wọ́n ṣí i nípò". Ìyẹn ti fara pẹ́ kí wọ́n lé èèyàn. "Yá" kúrú, ó sì ṣe kedere: ohun tí a yá, olówó ẹ̀ ṣì wà.

Dá padà sẹ́nu iṣẹ́ àti tún gbà síṣẹ́

Ibí lowó wà. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

*Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta.*
*Wọ́n tún gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta.*

Nínú ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ìyọniṣẹ́ yẹn ti di asán, òṣìṣẹ́ náà dà bí ẹni tí kò kúrò rí, owó oṣù tí kò gbà di gbèsè lọ́rùn agbanisíṣẹ́. Nínú ìkejì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ayé rẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà tuntun, ó sì lè jẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó kéré sí ti àná. Ẹ rí i pé "láti" àti "ní" ló gbé ẹrù náà. Ògbufọ̀ tó bá jẹ́ kí "láti" bọ́ lọ́wọ́ òun ti lè gba owó ọdún méjì lápò oníbàárà rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe fi "dá padà" sílẹ̀ láìní ìrù, nítorí ọ̀ràn Bàbá Ṣọlá yẹn. "Sẹ́nu iṣẹ́" gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ oyè tàbí àga ni, "sípò" tàbí "sórí ìtẹ́" ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano kéde pé àwọn ti dá Muhammadu Sanusi Kejì, tí wọ́n rọ̀ lóyè Ẹ́míà Kano ní oṣù Kẹta 2020, padà sórí ìtẹ́. Ẹjọ́ sì tẹ̀lé e. Kò sí Yorùbá kan ní Sabon Gari tó máa sọ pé Ẹ́míà "padà sẹ́nu iṣẹ́". Ọba kì í rìsúmù.

Ẹ kò lè mú ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ tó tọ́ tí ẹ kò bá mọ ọ̀rọ̀ ìkúrò. Èyí tó burú jù nínú wọn ni "dá dúró". "Wọ́n dá a dúró" lè jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ti rí ọgbọ́n ta sí i: ẹni tí wọ́n ní kó ṣì máa wo nǹkan tí yóò ṣẹlẹ̀, "wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé", ẹni tó ti tán fún, "wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀". Méjèèjì dára. "Já ìwé gbélé-ẹ fún un" dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ti lò ó fún ti ọ̀sẹ̀ méjì àti ti títí ayé débi pé a kò gbà yín nímọ̀ràn láti fi sínú ìwé tó kan owó.

Ọ̀kan tún wà láàárín tí kò ní orúkọ Yorùbá tó múlẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fàyè gbà á pé, tí ẹ̀sùn tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bá wà nílẹ̀, kí wọ́n ní kó dúró sílé, kó máa gba owó tí kò ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "ó ń jẹ ìdajì owó oṣù nílé". Tí wọ́n bá rí i pé kò jẹ̀bi, ìlànà náà ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì san gbogbo èyí tí wọ́n dì mú. Tó bá jẹ̀bi ṣùgbọ́n tí wọn kò lé e, ó lè gba apá kan nínú owó náà, iye tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá fọwọ́ sí. Nítorí náà "wọ́n dá a padà" kò tíì tó gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Ẹ béèrè pé: pẹ̀lú owó tàbí láìsí owó, gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan?

Ta ló tiẹ̀ lè rí "dá padà" gbà ní kóòtù? Ẹni tó jẹ́ pé òfin orílẹ̀-èdè ló ṣe odi yí iṣẹ́ rẹ̀ ká. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey àti ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé a kò lè yọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹni yọ ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n sì dá a padà. Awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Garki kò sí nínú odi yẹn. Kóòtù kì í sábà fi agbára mú aládàáni láti gba ẹni tí kò fẹ́. Owó ni wọ́n máa ń ní kó san, ó sì sábà máa ń jẹ́ iye tó yẹ kó san fún àsìkò ìkìlọ̀ tí kò fún un. Fún awakọ̀ yìí, "tún gbà" ló kù, tí ọ̀gá bá fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin wa, ọjọ́ tí ìwé náà bá ti dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ó ti mú, àyàfi tí ìwé fúnra rẹ̀ bá dárúkọ ọjọ́ mìíràn. Kò sí "mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ mi" mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá ń ran ẹnì kan lọ́wọ́ láti tò ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ní Yorùbá kí lọ́yà tó kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kó mú nǹkan wọ̀nyí wá: nọ́mbà fáìlì àti nọ́mbà IPPIS rẹ̀ (ti ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù), ọjọ́ ìgbàṣẹ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó wà, nọ́mbà àti ọjọ́ lẹ́tà tó yọ ọ́, bóyá wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn kí wọ́n tó yọ ọ́, àti ọjọ́ tó dáhùn. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ òfò, torí pé ẹni tí wọn kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ ti ní ohun tó máa sọ. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní "láti ọjọ́ báyìí".

Gbà padà

Ọ̀rọ̀ àánú ni. Bàbá gba ọmọ padà, ìjọ gba ẹni tó ṣáko padà, ọ̀gá gba ọmọṣẹ́ tó sá lọ padà. Ó ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ ló ṣẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ "ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí padà" sínú ìwé. Èèyàn rere ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ti ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjà Wuse tó fẹ́ padà sábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, òun gan-an ló tọ́, kó sì kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Sọ dọ̀tun, fà gùn, tún ṣe

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún àdéhùn. Tí ọdún tí ẹ jọ fọwọ́ sí bá pé, tí ẹ tún fọwọ́ sí òmíràn, ẹ "sọ àdéhùn dọ̀tun". Tí kò tíì pé, tí ẹ kàn fi oṣù mẹ́fà kún un, ẹ "fà á gùn". "Tún àdéhùn ṣe" ni ẹ ṣọ́ra fún: ó lè jẹ́ pé ẹ yí owó tàbí iṣẹ́ inú rẹ̀ padà láìfi ọjọ́ kan kún un. Ẹni tó bá lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé "wọ́n ti tún àdéhùn mi ṣe" tó sì jẹ́ pé owó ni wọ́n gé, kò purọ́.

Ẹni tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n máa ń gbà lórí àdéhùn jù. Ọ̀rọ̀ "fẹ̀yìntì" ti ti ilẹ̀kùn, "padà" kò ṣí i. Wọ́n lè tún gbà á lórí àdéhùn fún iye ọdún kan, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ ìjọba kà á sí iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì nínú. Ẹ má sì ṣe fi ọdún 60 wọn gbogbo èèyàn: òfin 2022 ti sún ti àwọn olùkọ́ sí ọdún 65 lójú ayé tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ọmọ ọdún 62 tó ṣì ń lọ sílé ìwé, tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì pé 40, kì í ṣe ẹni tí wọ́n "tún gbà". Kò tíì lọ ni.

Ti ológun

Aṣọ la fi ń sọ ọ́. "Wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀" ni ti ẹni tí wọ́n lé, ì báà jẹ́ ṣójà tàbí ọlọ́pàá. "Ó bọ́ṣọ" ni ti ẹni tó kúrò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ti kúrò tó tún wọlé, ó "tún wọṣọ". Èyí tí kò kúrò rárá, tí ọdún tó fọwọ́ sí ń parí lọ, tó sì fọwọ́ sí òmíràn kí ọjọ́ náà tó pé, kò tún wọ nǹkan kan. Ó "fi ọdún kún ọdún". Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ìpolongo: "tún wọṣọ" máa ń jẹ́ kí ará ilé rò pé Zaria ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn kúrúùtù, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí sísáré ìdájí.

"Padà sí bárékè" kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Mogadishu Cantonment ní Asokoro, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Abacha Barracks, ilé ni fún ṣójà. Ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin náà ń padà sí bárékè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní Nàìjíríà ọ̀rọ̀ náà ti ní ìtàn: àwọn ológun padà sí bárékè ní 1979 àti ní 1999, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá.

Àwọn òbí tó ní ọmọ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà máa ń ru ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, reenlist, ni àwọn ọ̀hún ń lò fún ẹni tó fi ọdún kún ọdún àti fún ẹni tó ti lọ tó padà. Ẹ bi ọmọ náà bóyá ó ti gba DD 214, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó kúrò. Tí kò bá tíì gbà á, ó fi ọdún kún ọdún ni. Tó bá ti gbà á, kóòdù kan wà nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RE: 1 túmọ̀ sí pé ọ̀nà là, 3 pé ó nílò àṣẹ pàtàkì, 4 pé wọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó tún ku ọ̀kan, "pè padà". Àdéhùn àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọdún 8 lápapọ̀. Ẹni tó bá ti kúrò lójú iṣẹ́ kí ó tó pé ṣì lè wà nínú ìwé àwọn ṣójà tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ àìní, wọ́n sì lè pè é padà láìbèèrè bóyá ó wù ú. Ẹni tí wọ́n pè padà kò "tún fọwọ́ sí" nǹkan kan.

Àgùnbánirọ̀

Láti 1973 ni ìsìnrúlú ti wà, ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ mẹ́ta ló sì ti bí. Ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà ìpè àmọ́ tí kò lọ sí bùdó, revalidation ni tirẹ̀: "ó ń mú orúkọ rẹ̀ bọ́ sí bátìṣì tó kàn". Ẹni tó ti dé bùdó, tó bẹ̀rẹ̀, tó sì sá lọ, ni wọ́n ń "tún pè láti ìbẹ̀rẹ̀", ìyẹn remobilisation. Kò lè sọ pé òun ti lo oṣù mẹ́rin, kí wọ́n yọ oṣù náà kúrò nínú èyí tó kù. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tó pàdánù ọjọ́, "wọ́n fa ìsìnrú rẹ̀ gùn", ibi tó dé ló ti ń bá a lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni àkọ́kọ́ lọ ṣe bí ẹni kejì, kó máa kọ ìwé àlàyé kiri nígbà tó jẹ́ pé orí ìkànnì ló yẹ kó lọ nígbà tí wọ́n bá ṣí i.

Tún forúkọ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù, tó sì ń pani lára jù nìyí. Kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ń dúró. Nítorí náà "ó tún forúkọ sílẹ̀" kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ títí lẹ́tà yóò fi jáde.

Ibì kan wà tí kò yẹ kéèyàn tún forúkọ sílẹ̀ rárá: owó ìfẹ̀yìntì. Nọ́mbà àkáǹtì RSA tí ẹ gbà níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń tẹ̀ lé yín káàkiri. Tí wọ́n bá dá yín padà, tàbí tún yín gbà, tàbí tí ẹ kó lọ sí iléeṣẹ́ tuntun, nọ́mbà kan náà ni ẹ máa fún wọn kí ìdá 8 tiyín àti ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ máa wọlé síbẹ̀. Ẹni tó tún forúkọ sílẹ̀ lè ní àkáǹtì méjì, kí owó rẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, títún un ṣe sì máa ń pẹ́. Ẹni tí kò tíì pé 50, tó wà nílé fún oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú owó náà. Ọ̀pọ̀ ń gbà á, wọ́n á wá rò pé àkáǹtì ti tì, wọ́n á sì lọ ṣí òmíràn. Kò tì.

Tí Haúsá bá wà láàárín

Ní Kaduna tàbí Kano, Haúsá ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà. "Ya koma bakin aiki": ó padà sẹ́nu iṣẹ́. "An mayar da shi bakin aiki": wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Haúsá ń ṣe bíi tiwa, ó ya ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n dá padà. "Sake ɗauka" ni "tún gbà". Tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá sọ pé "an mayar da su", ẹ má kọ "wọ́n padà" sílẹ̀. Ẹ bi í pé láti ọjọ́ wo.